Àyẹ̀wò Méjì Tí Kò Bára Mu Lórí Ojú Ọ̀tún Mi

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé iṣan ojú yín ló ń ṣàìsàn, tí ẹ wá jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé tí ẹ ń sunkún, ẹ sún mọ́ mi kí ẹ gbọ́ tèmi. Èmi náà ti sun ẹkún yẹn. Mo sun ún ní Pobẹ̀, mo sun ún nínú takisí, mo sì sun èyí tó kù ní Sakété níwájú àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó là á já, kó tó di pé àwọn ará ilé yín gbé igo òróró dé.

Aránṣọ ni mí. Ìyá Bísí ni wọ́n ń pè mí, àtẹlíè tí mo ti ń ránṣọ kò sì jìnnà sí ọjà Pobẹ̀. Ẹnu mi mú díẹ̀. Ọkọ mi ní kì í ṣe díẹ̀. Ìjà ni àìsàn mi fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní kí n rán aṣọ pupa fún àwọn fún ìkórè, mo sì lọ ra aṣọ náà lọ́wọ́ Àlájà kan tó máa ń ti Ìlaròó kó ọjà wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì láti gé e, aṣọ ti ṣá. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ títí tí ó fi sú u. Mo ká a, mo ki í bọ abíyá, ó di ọ̀dọ̀ Àlájà.

Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní ṣé nítorí pé a ń gbé ní ìhín ibodè ni wọ́n ṣe ń kó àkísà wá tà fún wa. Àlájà fi Kùránì búra, èmi náà fi Bíbélì dá a lóhùn, àwọn èèyàn sì pé lé wa lórí. Nígbà tó sú Àlájà, ó fà mí lọ́wọ́ jáde sínú oòrùn kí gbogbo ayé lè ṣèdájọ́. Oòrùn náà gún mi lójú, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú ọ̀tún. Aṣọ pọ́n bí ata. Mo ṣí i, mo bo òsì. Aṣọ ṣá. Mo tún bo ọ̀tún, ó pọ́n. Mò ń ṣe é bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mò ń bo èyí mò ń ṣí tọ̀hún, títí tí àwọn tó ń wòran fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Àlájà nìkan ni kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Ó ní, "Ìyá Bísí, kì í ṣe aṣọ ló ṣá. Ojú ẹ ni."

Nígbà tí mo délé ni mo wá rò ó pé ojú náà ti ń dun mi tipẹ́. Tí mo bá yí i wo ẹ̀gbẹ́, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan di okùn mọ́ ọn lẹ́yìn, tó ń fà á. Mo ti ń sọ pé ìránṣọ ni. Aránṣọ a máa sọ pé iṣẹ́ ni títí iṣẹ́ á fi sin ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àárín ohun tí mo bá fi ojú ọ̀tún wò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ èéfín. Bí mo bá fi í wo ọkọ mi, etí rẹ̀ méjèèjì ni mò ń rí, mi ò rí imú.

Ojú lọba ara, gbogbo ẹbí ló sì fẹ́ sin ọba. Ìyá mi ti Issaba dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti Takọn dé. Dàdá là ń pè é, bí àwọn Gùn ti ń pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Dàdá ní kí wọ́n fún omi ewé kan sí mi lójú, ìyá mi ní rárá, ọmú abiyamọ ni, ó sì ti rí abiyamọ náà, obìnrin ọ̀hún sì ti jókòó sí yàrá, ó ń dúró dè mí. Ibí yìí ni mo ti gbọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ohunkóhun sí yín lójú tí dókítà kò fún yín. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà, mo sì rí i pé ojú ìyá mi ti ń yí padà, ni mo bá wá àtiṣe ìlàjà. Mo ní ẹ má fọwọ́ kan ojú mi, ṣùgbọ́n orí mi rèé, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi pa á.

Ọ̀rọ̀ tó kó bá mi nìyẹn. Ìyá mi, tó ń ṣe àdín tà, da àdín lé mi lórí. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Dàdá ní àdín nìkan ò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe, ó gbé òrí tirẹ̀ tí wọ́n gún ewé mọ́, ó fi lé e. Lọ́jọ́ Àìkú, alàgbà ìjọ wa fi òróró àdúrà parí iṣẹ́. Àwọn eṣinṣin Pobẹ̀ mọ̀ mí dáadáa nígbà yẹn.

Ọkọ mi, Bàbá Bísí, àgbẹ̀ ni, oko rẹ̀ wà ní Ahoyéyé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ní ká lọ rí dókítà ojú ní Sakété. Àárọ̀ kùtù la débẹ̀, síbẹ̀ a bá èrò tó ti tò dé ibi igi. Ẹ má bẹ̀rù ìlà. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìlà ti ṣe àyẹ̀wò mi tán. Bàbá kan ní ìtọ̀ ṣúgà ni, obìnrin kan ní àwọn àgbà ilé ọkọ mi ni, ẹlòmíràn béèrè bóyá mo ti ṣépè fún ẹnì kan. Mo ní mo ti ṣépè fún ẹni púpọ̀, èwo ni kí n kà.

Obìnrin ni dókítà náà, kò dàgbà jù mí lọ. Ó fi iná wo inú ojú mi títí, ó ní ojú gan-an mọ́ tónítóní. Ó ní ojú dà bí ẹnu ọ̀nà ilé, ìpàkọ́ ni onílé jókòó sí. Tí àlejò bá dé, iṣan kan wà tó ń sáré lọ jẹ́ iṣẹ́ fún onílé. Ó fura pé ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún ojú ọ̀tún mi ti ń tiro. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni, oògùn wà, ṣùgbọ́n ó le, kò sì fẹ́ fi àfojúdá fún mi. Tí a bá sì fi falẹ̀, iṣan náà lè kú, ojú á sì lọ pátápátá. Ó ní àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n máa ń lẹ wáyà mọ́ ìpàkọ́ èèyàn fún, tí ẹ̀rọ á fi wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Kò dunni. Ẹ gbà mí gbọ́, kò dunni rárá.

Ilé àyẹ̀wò kan ní Àjàṣẹ́ la kọ́kọ́ lọ. Ìyá mi ti fi àdín ìdágbére pa mí lórí kí n tó gun takisí. Ọmọkùnrin tó ń lẹ wáyà fọwọ́ kan irun mi, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó bi mí tìtìjú-tìtìjú pé, "Táńtì, kí lẹ fi sórí?" Mo ní àdúrà ni. Ó fi òwú nù ún títí òwú fi dúdú, síbẹ̀ bó bá lẹ ọ̀kan mọ́ ọn, òmíràn á yọ̀ ṣọ̀ọ̀, á wá balẹ̀ sí mi léjìká. Èrò pọ̀ níta. Níkẹyìn ó fi bàǹdéèjì wé gbogbo rẹ̀ mọ́ mi lórí, ó ní ká máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n bọ́ awò ojú tí mo ti ń lò tipẹ́, ó gbé àga mi sún mọ́ ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n kan, àwọn onígun mẹ́rin dúdú àti funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ìjókòó lójú mi. Ó ní kí n tẹjú mọ́ àárín. Láìsí awò, mi ò mọ èwo ni àárín.

Ìwé tí wọ́n fún wa sọ pé ojú méjèèjì ni iṣẹ́ wọn ń falẹ̀, pé kì í ṣe ọ̀tún nìkan. Bàbá Bísí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ká a sápò. Láti Àjàṣẹ́ dé Pobẹ̀, kò sọ ju "ó dáa" lọ, kò sì sí ohun tó dáa níbẹ̀.

Mi ò tíì fọ́jú, ṣùgbọ́n ilé ti sọ mí di afọ́jú. Ìyá mi ń fà mí lọ́wọ́ lọ sílé ìyàgbẹ́. Ó ń kìlọ̀ fún mi nípa òkúta tí èmi fúnra mi gbé síbẹ̀. Dàdá ń pariwo bá mi sọ̀rọ̀, bíi pé etí ló ń dùn mí. Mo fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Èyí tí mi ò lè fi rẹ́rìn-ín ni àwọn oníbàárà mi tó ń wá gba aṣọ wọn tí mi ò tíì gé, tí wọ́n ń fi ohùn àánú sọ pé àwọn kò kánjú. Wọ́n gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kejì. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Aránṣọ tí kò ríran, kí ni wọ́n ń pè é?

Bàbá Bísí ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ká gbìyànjú ibòmíràn. Owó tí a ná, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ibòmíràn náà wà ní Kútọnu. Nítorí pé Kútọnu ni, mo tú irun, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì di tuntun. A kì í fi irun àtijọ́ wọ Kútọnu. Yàrá ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù bí ìsàlẹ̀ kànga. Wọ́n jẹ́ kí n wọ awò mi, wọ́n gbé àga mi sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní kí n la ojú méjèèjì kí n máa wò. Mo là á. Wáyà kankan kò yọ̀. Ìwé tibẹ̀ ní kò sí nǹkan kan, ara mi dá ṣáṣá.

Ẹ ò bá wá wo ayọ̀. Alàgbà ní kí n bọ́ síwájú ìjọ, mo jó. Dàdá pa adìyẹ ní Takọn, ó pè wá, a jẹ ẹ́ tegungun-tegungun. Gbogbo wọn ń jà lórí òróró ta ló ṣiṣẹ́ náà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé tí mo bá bo ojú òsì, mi ò rí adìyẹ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jó ìjó ìdúpẹ́, tó ti jẹ adìyẹ ìdúpẹ́, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ pé kò tíì sàn? Mo dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kò sì kọ̀. Èéfín ojú ọ̀tún mi ń nípọn sí i. Lọ́jọ́ kan, mo gbé irin ìlọṣọ gbígbóná lé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi dípò aṣọ, ni Bàbá Bísí bá gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó di Sakété.

Dókítà tẹ́ ìwé méjèèjì sílẹ̀ níwájú mi. Ìkan ní mò ń kú lọ, ìkejì ní mi ò ṣàìsàn rí. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: kí ni mo fi sórí lọ́jọ́ ti Àjàṣẹ́? Ṣé mo wọ awò? Báwo ni ibi tí wọ́n gbé àga sí ṣe jìnnà tó? Ní Kútọnu ńkọ́, ṣé wọ́n dí ojú kan kí wọ́n tó wo ìkejì? Mo dá a lóhùn. Nígbà tí mo sọ pé ojú méjèèjì ni mo là lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ojú òsì mi, tó dára, ló sáré lọ jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì, ni onílé bá rò pé ẹni méjì ló wá. Ti Àjàṣẹ́ ńkọ́, òróró tó ń yọ wáyà àti awò tí mi ò wọ̀ ló mú kí ojú méjèèjì dà bí èyí tó ń falẹ̀.

Ó yé mi wàrà. Aránṣọ méjì ló wọ̀n mí. Àkọ́kọ́ wọ̀n mí pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Ìkejì wọn èmi àti ọkọ mi pọ̀ nínú okùn kan, ó ní ìdí wa dára. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, ìyẹn ló wá pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí kárí ayé ti jọ fẹnu kò lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe é: bí irun á ṣe mọ́, bí àga á ṣe jìnnà tó, bí yàrá á ṣe rí, ojú kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kì í ṣe pé àwọn ilé àyẹ̀wò burú, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ kálukú ló ń ṣe tirẹ̀, bí gbogbo wọn bá sì ń wọ̀n ọ́n ní ìlànà kan náà, ìwé Àjàṣẹ́ á yé ẹni tó wà ní Sakété. Ó pe ọ̀gá ilé ti Kútọnu lórí fóònù lójú mi. Wọ́n sọ èdè Faransé títí. Ọ̀gá náà gbà láti ṣe é bí wọ́n ti fẹnu kò sí. Dókítà wá kọjú sí mi, ó ní ká má jẹ́ kó pẹ́ mọ́, pé kí n fi ọṣẹ lásán fọ orí mi, kí n sì lọ bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀kán òróró kan.

Kò mọ ẹbí mi ni. Nígbà tó ku ọ̀la ká lọ, mo fọ orí, mo fi gèlè wé e pinpin, mo jókòó. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá mi ti dé pẹ̀lú àdín, Dàdá tẹ̀ lé e pẹ̀lú òrí. Mo ṣàlàyé. Dàdá ní kí n fi díẹ̀ sí iwájú orí, pé ìpàkọ́ ni wáyà wà. Ìyá mi ò tiẹ̀ ṣàlàyé, ó ti ń ṣí igo. Mo di gèlè mi mú lọ́wọ́ méjèèjì, mò ń yí tábìlì ká, ìyá mi ń tẹ̀ lé mi, Dàdá sì lọ dínà lápá kejì. Èmi ìyá ọmọ rèé o, tí mò ń sá fún ìyá mi bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ so. Bàbá Bísí wọlé láti oko, ó bá wa bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fi orí gbígbẹ lọ lọ́la nìkan. Tó bá ti dé, ẹ da gbogbo igo náà lé e, èmi ni màá bá yín gbé e."

Ìyá mi jókòó. Ó gbé igo lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní àbúrò òun obìnrin, tí wọ́n ti sin kí wọ́n tó bí mi, ojú rẹ̀ ló lọ báyìí ní Issaba, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, kò sì sí ohun tí òun ní lọ́wọ́ tí òun lè fún un nígbà náà. Ó ní àdín ni òun mọ̀ ọ́n ṣe, àdín náà ni òun gbé wá. Inú mi bà jẹ́. Gbogbo àsìkò yẹn, mo ti ń fi òróró náà ṣẹ̀fẹ̀, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ni wọ́n ń dà lé mi lórí. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo tú gèlè. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó nù ún títí ó fi gbẹ, ó gbé ọwọ́ gbígbẹ náà lé mi lórí, ó súre fún mi. Dàdá ṣe àmín, ó sì fi ìdérí bo òrí rẹ̀.

Ní Kútọnu lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi okùn ìwọ̀n wọn ibi tí àga mi wà. Inú mi dùn sí okùn yẹn. Wọ́n dí ojú òsì, wọ́n wo ọ̀tún. Wọ́n dí ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n tún un ṣe láti mọ̀ bóyá ohun kan náà ló máa jáde. Ohun kan náà ló jáde. Òsì dá ṣáṣá. Ọ̀tún ń falẹ̀, ó ń tiro, ṣùgbọ́n ó ń dé ilé. Iṣan náà kò tíì kú. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tí wọ́n sọ fún pé ó ń ṣàìsàn tó bú sẹ́rìn-ín, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Àìsàn tó ti ní orúkọ, tó ti ní ibùgbé, ó yàtọ̀ sí èyí tó ń lé èèyàn káàkiri ilé.

Wọ́n fa oògùn sí mi lára nínú omi. Ó jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, kò jẹ́ kí n sùn, mo sì jẹun bí ẹni tó ń kọ ebè. Díẹ̀díẹ̀ èéfín ń ká. Mo kọ́kọ́ rí imú Bàbá Bísí, mo sì sọ fún un pé mo ti gbàgbé pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Lónìí, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó ti rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Tó bá rẹ̀ mí, tàbí tí oòrùn bá mú jù, àwọ̀ pupa ṣì máa ń ṣá díẹ̀ lójú ọ̀tún, mo sì máa ń dúró kí n sinmi. Wọ́n ní ó lè tún padà wá, nítorí náà mò ń lọ fún àyẹ̀wò nígbà tí wọ́n bá dá fún mi, ilé kan náà, ọ̀nà kan náà. Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa wọ̀n yín. Kì í ṣe àfojúdi. Bójú bá ń ṣepin, ojú là á fi hàn.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo gbé ìwé tuntun náà lọ fún dókítà mi ní Sakété. Bàbá Bísí jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi. Dókítà gbé ìwé tuntun, tí ẹ̀rọ ya iṣẹ́ ojú ọ̀tún mi sí bí ìlà, lé èyí tí wọ́n fi rí àìsàn náà, ó gbé méjèèjì síbi gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là wọ́n kọjá. Ó ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì. Mo bò ó. Ó bi mí pé kí ni mo rí.

Mo ní, "Mo rí ìlà méjì. Méjèèjì gun òkè, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan tètè dé orí òkè ju èkejì lọ."

Dókítà ní èyí tó tètè dé ni ti ìsinsìnyí. Mi ò ṣí ọwọ́ kúrò lójú òsì. Mo fi ojú ọ̀tún nìkan yíjú padà wo ọkọ mi. Ó ti gbé fìlà rẹ̀ bo ojú, ó rò pé n kò lè mọ̀. Mo sọ fún un pé kó yé sunkún níwájú dókítà, mò ń rí i.